Ta Ló Ni Kìnnìún Abilà Tó Wà ní Kassel àti Erfurt?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kassel, ní ìpínlẹ̀ Hessen nílẹ̀ Jámánì, ni mo ń gbé kí iṣẹ́ tó gbé mi wá sí Erfurt ní ìpínlẹ̀ Thüringen. Nígbà tí mo gba nọ́ńbà tuntun fún ọkọ̀ mi, mo rí i pé kìnnìún tó wà lára sítíkà ìpínlẹ̀ Hessen náà ló tún wà lára ti Thüringen: ilà pupa, ilà funfun, lórí àwọ̀ aró. Mo ní ọ̀kan náà ni, ọmọ mi ní rárá. Ìpínlẹ̀ wo ló jí ti èkejì? Kí tiẹ̀ ni kìnnìún ń wá nílẹ̀ tí kò ti sí kìnnìún? Èkejì, a lọ ṣeré ní Coburg, a sì rí orí ènìyàn dúdú lára àmì ìlú náà. Ṣé èébú ni àbí iyì? Ẹ̀kẹta, mo ń se oúnjẹ tà lópin ọ̀sẹ̀, ó sì wù mí kí n fi kìnnìún yẹn sára ike oúnjẹ mi. Ṣé kò ní di ẹjọ́ sí mi lọ́rùn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè o. Ọmọ yín ló jàre. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ya àwọn àmì méjèèjì tóbi, kí ẹ fi wọ́n síra wọn. Kìnnìún Hessen kò dé nǹkan kan lórí. Adé ewé wúrà kan wà lókè asà lóòótọ́, ṣùgbọ́n asà ló dé e, kì í ṣe ẹranko. Kìnnìún Thüringen ní tirẹ̀ dé adé wúrà gidi. Bí ẹ bá ka ilà ara wọn láti òkè wá sísàlẹ̀, funfun ló ṣáájú ní Hessen, pupa ló ṣáájú ní Thüringen. Ìràwọ̀ funfun mẹ́jọ ló sì yí ti Thüringen ká, Hessen kò ní ẹyọ kan.

Síbẹ̀ ojú yín kò tàn yín. Kìnnìún kan náà ni. Kò sí ẹni tó jí ti ẹnikẹ́ni. Ogún ni, wọ́n sì fi ọdún mẹ́tàdínlógún jà lé e lórí kí wọ́n tó pín in.

Kí n tó dé ibi ìjà náà, ẹ jẹ́ kí n kó ohun kan kúrò lọ́nà. Ibi púpọ̀ ni ẹ ó ti rí i kà pé kìnnìún dúró fún ìgboyà, idì dúró fún agbára, àwọ̀ pupa dúró fún ẹ̀jẹ̀ àwọn akọni. Èmi kì í ka irú àlàyé bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni wọ́n rán an mọ́ àwọn àmì wọ̀nyí. Tí wọ́n bá ń ki ènìyàn ní "ìjàkadì lorò Ọ̀fà", kò sọ fún yín bóyá onítọ̀hún mọ ìjà á jà. Ó kàn sọ ibi tí bàbá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá ni. Bí àmì ọ̀pá àṣẹ àwọn ìpínlẹ̀ Jámánì ṣe rí náà nìyẹn. Ẹ má bi kìnnìún pé kí ló túmọ̀ sí. Ẹ bi í pé ọmọ ta ni.

Ọ̀rúndún kejìlá ni àṣà yìí mú ilẹ̀ ní Yúróòpù. Àwọn ológun ẹlẹ́ṣin ń dé akoto irin tó bo ojú mọ́lẹ̀, ọmọ ìyá ẹni lè fi ọ̀kọ̀ gún ẹni láìmọ̀. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kun asà wọn. Kó lè hàn láti òkèèrè, wọ́n pín àwọ̀ sí agbo méjì: wúrà àti fàdákà, tí wọ́n sábà máa ń fi yẹ́lò àti funfun yà, wà nínú agbo kan; pupa, aró, dúdú àti àwọ̀ ewé wà nínú ìkejì. Àwọ̀ kan kò gbọdọ̀ jókòó lé ọmọ agbo rẹ̀ lórí. Dúdú lórí wúrà, ó dára. Pupa lórí aró, kò dára. Kìnnìún tó pupa láti orí dé ìrù lórí aró ì bá rú òfin náà. Àwọn ilà funfun ara kìnnìún yín ló gbà á sílẹ̀.

Ní ti pé kìnnìún kò sí nínú igbó wọn, kò sí lóòótọ́. Inú Bíbélì, lára ère ilé ìjọsìn, àti lẹ́nu àwọn tó lọ jagun dé Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn tó yà á kò fojú kàn án rí, ìdí nìyẹn tí òmíràn fi rí bí ajá tí ebi ń pa. Ó sì gbajúmọ̀ dé ibi pé nínú ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógún tí Jámánì ní lónìí, méje ló ní kìnnìún lórí asà wọn: Bayern, Baden-Württemberg, Rheinland-Pfalz, Saarland, Schleswig-Holstein, àti àwọn méjì tiyín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ibi ìjà.

Ìdílé kan tí àwọn òpìtàn ń pè ní Ludowinger ló ń jọba Thüringen nígbà náà, Wartburg, òkè Eisenach, sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ilé olódi wọn. Landgraf ni oyè wọn. Ẹ fi wé ọba tí ìlú púpọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí òun náà ní olú-ọba tó ń sìn. Láti 1122 ni ilẹ̀ Hessen ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ nípasẹ̀ ìyàwó tí wọ́n fẹ́ níbẹ̀. Àwọn ló ni kìnnìún abilà. Ní Marburg, wọ́n ṣì tọ́jú asà onígi kan láti ọ̀rúndún kẹtàlá tí kìnnìún náà wà lára rẹ̀. Tí ẹ bá tún padà lọ kí àwọn ará Kassel, ẹ yà níbẹ̀.

Ní 1227, Landgraf Ludwig Kẹrin kú lójú ọ̀nà ogun Jerúsálẹ́mù. Ìyàwó rẹ̀ ni Elisabeth, ọmọ ọba Hungary, tí ìjọ Àgùdà sọ di ẹni mímọ́ ní 1235. Ọmọ wọn ọkùnrin kú ní kékeré, oyè wá bọ́ sọ́wọ́ àbúrò Ludwig, Heinrich Raspe. Heinrich Raspe fẹ́yàwó títí, kò bímọ. Ó kú sí Wartburg ní oṣù kejì 1247, ni ilé bá dàrú.

Ènìyàn méjì ló jáde wá. Èkínní ni Sophie, ọmọ Ludwig àti Elisabeth, tó ti lọ sílé ọkọ ní Brabant, tó sì gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Heinrich, wá: ọmọ tí wọ́n bí ní 1244, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Èkejì ni Heinrich ti Meissen, ìdílé Wettin, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọbàkan Heinrich Raspe. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọmọ ọmọ ìyá olóògbé lápá kan, ṣùgbọ́n obìnrin ni, ọmọ ọwọ́ ló sì gbé dání, ọmọ ọbàkan lápá kejì, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni, ó ti dàgbà, ó ní ọmọ ogun, olú-ọba sì ti ṣèlérí ilẹ̀ náà fún un. Ilé ẹjọ́ wo ni kò ní gbóná? Wọ́n jà á títí di 1264. Sophie kò yéé jà fún ọmọ rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Hessen di ti ọmọ náà, Thüringen di ti Wettin, àwọn méjèèjì sì mú kìnnìún lọ sílé nítorí kò sí èyí tó gbà pé òun kọ́ ni àrólé. "Ọmọ Hessen" ni wọ́n ń pe Heinrich kékeré náà títí tó fi dàgbà tó sì kú. Orúkọ yẹn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Ohun tó fà á tí sítíkà méjèèjì fi jọra nìyẹn o. Kassel wà lápá Sophie, Erfurt wà nítòsí apá Wettin.

Mo ní "nítòsí" nítorí pé Erfurt fúnra rẹ̀ kò sí lábẹ́ kìnnìún náà. Ẹ wo àmì ìlú tí ẹ ń gbé: àgbá kẹ̀kẹ́ funfun kan, igi mẹ́fà nínú, lórí pupa. Àgbá kẹ̀kẹ́ áṣíbíṣọ́ọ̀bù Mainz nìyẹn, òun náà ló wà lára àmì ìpínlẹ̀ Rheinland-Pfalz. Títí di 1802, áṣíbíṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́nà jíjìn létí odò Rhine ló ni Erfurt. Wọ́n ní Willigis, tó jẹ áṣíbíṣọ́ọ̀bù ní Mainz láti 975 sí 1011, jẹ́ ọmọ ẹni tó ń kan kẹ̀kẹ́, pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ya àgbá kẹ̀kẹ́ sára ògiri rẹ̀ láti fi bú u, òun náà sì gbà á ní àmì kó má bàa gbàgbé ibi tó ti wá. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn dénú. Àmọ́ ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí Willigis ti kú kí ẹnikẹ́ni tó máa kun àmì ìdílé sára asà, nítorí náà ẹ sọ ọ́ fún ọmọ yín bí àlọ́.

Ẹ padà sórí àwọn ìràwọ̀. Àwọn Wettin pín ilẹ̀ fún ọmọ, ọmọ pín fún ọmọ-ọmọ, títí Thüringen fi fọ́ sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí àwọn ọba sọ̀kalẹ̀ lórí oyè, ìjọba kéékèèké méje ló parapọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1920 láti di ìpínlẹ̀ kan. Kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé mì, wọn kò lo kìnnìún ẹnì kan; ìràwọ̀ méje ni wọ́n yà, ìràwọ̀ kan fún ìjọba kan. Erfurt kò sí nínú wọn. Prussia, ìpínlẹ̀ tó tóbi jù ní Jámánì, ló ni í nígbà yẹn, ó dà bí erékùṣù láàárín wọn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ni Erfurt àti àwọn àgbègbè Prussia yòókù tó wà níbẹ̀ tó wọlé, ìràwọ̀ sì di mẹ́jọ, kìnnìún sì padà sí àárín wọn. Nítorí náà tí ọmọ yín bá ń ka ìràwọ̀ lára ọkọ̀, ìkẹjọ ni tiyín.

Nǹkan náà tún pòórá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 1952 ìjọba Jámánì Ìlà-Oòrùn tú gbogbo ìpínlẹ̀ ká, ó pín Thüringen sí Erfurt, Gera àti Suhl. Òòlù àti kọ́ńpáàsì tí ọ̀kà yí ká, àmì orílẹ̀-èdè, ni wọ́n ń lò. Kìnnìún kò bá wọn lò mọ́ títí àwọn ìpínlẹ̀ fi padà ní 1990. Ní 1991 ni òfin tún gbé e kalẹ̀ bí ẹ ṣe ń rí i lónìí. Àwọn àgbà tí ẹ jọ ń gbé àdúgbò lo ọdún méjìdínlógójì láìsí i. Ẹ bi wọ́n léèrè. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ ju ohun tí mo lè kọ síbí lọ.

Ẹ kò bi mí nípa àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, ṣùgbọ́n ọ̀kan bá tiyín tan tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè fò ó. Sachsen, tó wà lápá ìlà-oòrùn yín, ní asà tí ilà dúdú àti wúrà wà lórí rẹ̀, tí ewé tútù kan gba orí wọn kọjá. Orúkọ Sachsen kì í ṣe ti ibẹ̀. Ìhà àríwá ni àwọn Saxon àtijọ́ ń gbé, níbi tí wọ́n ń pè ní Niedersachsen báyìí. Ní 1180, olú-ọba gba oyè Sachsen lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́, ó sì gbé e fún ìdílé Anhalt, tí ó ni ilà dúdú àti wúrà. Ẹ̀ka ìdílé náà tó wà ní Wittenberg kú run ní 1422, nígbà tó sì di 1423 oyè náà bọ́ sọ́wọ́ ta ni? Wettin ni, àwọn tó jogún Thüringen yẹn. Wọ́n gbé orúkọ àti asà lọ sí Meissen àti Dresden, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Oyè ló ń rìn, ilẹ̀ dúró sójú kan. Ìdí rèé tí ìpínlẹ̀ mẹ́ta fi ní "Sachsen" nínú orúkọ wọn lónìí tí ọ̀pọ̀ àlejò kò sì mọ èyí tó jẹ́ èwo.

Niedersachsen tó jẹ́ ilé àwọn Saxon gan-an wá ń gbé ẹṣin funfun tó fò sókè lórí pupa. Wọ́n ní ẹṣin dúdú ni Widukind, olórí wọn, ń gùn kó tó ṣe ìrìbọmi ní 785, tó wá pààrọ̀ rẹ̀ sí funfun. Ọ̀rúndún kẹrìnlá ni ìdílé Welf ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹṣin yẹn. Ó rin ìrìn àjò o: nígbà tí olórí Hannover, tó jẹ́ ọmọ ìdílé Welf, di ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1714, ẹṣin náà wọ inú asà ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì jáde títí di 1837, nígbà tí Victoria gorí oyè, tí òfin Hannover kò sì gbà kí obìnrin jọba wọn.

Hamburg ní ẹnubodè olódi lára àmì rẹ̀, Bremen ní kọ́kọ́rọ́ Pétérù Mímọ́. Àwọn ará Hamburg a máa fọ́nnu pé àwọn ni ẹnubodè ayé. Àwọn ará Bremen a ní bẹ́ẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ àwọn. Nordrhein-Westfalen kò ní ìdílé ọba tó lè jogún àmì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìjọba ológun Gẹ̀ẹ́sì ló dá a sílẹ̀ ní 1946. Wolfgang Pagenstecher ló ya tirẹ̀: odò Rhine, ẹṣin Westfalen, àti òdòdó róòsì ti Lippe tó wọlé ní 1947.

Wàyí o, Coburg. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí ènìyàn dúdú bá kọ́kọ́ rí orí yẹn.

Maurice Mímọ́ ni. Ìtàn ìjọ sọ pé ọ̀gágun ni, pé láti Íjíbítì ló ti kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá, tí wọ́n sì pa á nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Òun ni alábòó Coburg. Orúkọ rẹ̀ ni ilé ìjọsìn ńlá ìlú náà ń jẹ́. Ní Magdeburg, ère rẹ̀ kan wà nínú kàtídírà láti nǹkan bí 1240: ọkùnrin dúdú tó wọ ẹ̀wù irin, ojú rẹ̀ tutù, imú rẹ̀ àti ètè rẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn tí ẹ lè pàdé lọ́jà. Ẹni tó gbẹ́ ère yẹn bọ̀wọ̀ fún un. Orí tó wà lára asà Coburg kò dára tó bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Pẹ̀lú yẹtí wúrà àti ètè pupa tí wọ́n fi sí i, ó ti di àwòrán "ará ilẹ̀ òkèèrè", ọ̀gágun ti pòórá. Ẹni mímọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, ọwọ́ ayàwòrán ló já a sílẹ̀. Irú orí bẹ́ẹ̀ tún wà ní Freising nítòsí Munich, ó dé adé, láti 1316. Ó sì wà lára àmì Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún, tó jẹ́ pé òun ni áṣíbíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó dájọ́. Ní 1934 àwọn Nazi yọ orí náà kúrò lára àmì Coburg, nítorí kò bójú mu fún wọn kí ìlú àwọn funfun máa gbé orí ènìyàn dúdú kiri. Idà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi àmì ẹgbẹ́ wọn sí ìdí idà náà. Ní 1945 Maurice padà. Ní 2020, àwọn kan kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú un kúrò, àwọn mìíràn kọ tiwọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Tí wọ́n bá bi mí, mo máa ní kí wọ́n fi Maurice sílẹ̀, kí wọ́n pe ayàwòrán tó mọṣẹ́, kó lọ wo ojú ère Magdeburg kó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì.

Coburg náà ì bá jẹ́ ìràwọ̀ kan lára ọkọ̀ yín. Nígbà tí àwọn ìjọba kéékèèké fẹ́ parapọ̀, wọ́n bi àwọn ará Coburg ní oṣù kọkànlá 1919 bóyá wọ́n á bá wọn lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní rárá, wọ́n sì di ará Bayern ní 1920. Nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n bí Albert, ọkọ Queen Victoria, Albert tí Àjàyí Crowther bá sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ wa ní Windsor ní 1851, lọ́jọ́ tó ka Àdúrà Olúwa ní Yorùbá sétí ayaba.

Ó ku ike oúnjẹ. Ẹ má fi í síbẹ̀. Àmì ìpínlẹ̀ jẹ́ ti ìjọba: ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́, iléèwé ìjọba àti ọ́fíìsì ló ń lò ó, kí ará ìlú lè mọ̀ pé àṣẹ ìjọba ló wà lẹ́yìn ohun tí wọ́n rí. Òfin Jámánì tí wọ́n ń pè ní OWiG, abala 124, fi owó ìtanràn lé ẹni tó bá lò ó láìgba àyè, yálà ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀. Ojú tí wọ́n á fi wo ike yín ni pé ẹ ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé ìjọba fọwọ́ sí ọbẹ̀ yín. Hessen mọ̀ pé àwọn ènìyàn fẹ́ràn kìnnìún wọn, wọ́n ya òmíràn tó rọrùn, Hessenzeichen, tí ará ìlú lè lò. Nordrhein-Westfalen náà ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Erfurt lẹ wà, kìnnìún Hessen lórí ike oúnjẹ ní Thüringen á kàn máa mú kí oníbàárà bi yín léèrè ọ̀nà Frankfurt ni.

Òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni má ya kìnnìún. Ẹ ní kí ọmọ yín ya tirẹ̀, ó ti fi hàn pé ojú òun mú. Kó má fi ilà pupa àti funfun sí i lára, kó má gbé e lé orí aró, kó má sì fi ìràwọ̀ yí i ká. Tó bá wù ú, kó fi síbí ọbẹ̀ sí i lọ́wọ́.